Akáǹtáǹtì tó fẹ́ di ọnọrébù: kí ni iṣẹ́ wa wúlò fún nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀?

Ọmọ_Mọ́kọlá:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mi ò lè dá gbé. Ọdún mọ́kànlá rèé tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ akáǹtáǹtì. Mo ti gba ìwé ẹ̀rí ICAN, ẹgbẹ́ àwọn akáǹtáǹtì Nàìjíríà; ilé iṣẹ́ aládàáni kan tó ń ta oúnjẹ adìẹ n'Íbàdàn ni mo sì wà báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àgbà mẹ́ta láti wọ́ọ̀dù wa wá bá mi nílé lálẹ́. Wọn ò fọ̀rọ̀ bò rárá. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kí n dupò ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀, pé ó ti sú àwọn kí ẹni tí kò lè ka ìwé owó máa bá àwọn fọwọ́ sí ìṣúná.

Ọkọ mi ní kí n má dá wọn lóhùn. Ìyá mi ní kí n gbàdúrà sí i. Ohun tó ń jà ràn-ìn lọ́kàn tèmi ni pé, ṣé iṣẹ́ tí mo mọ̀ yìí wúlò níbẹ̀, àbí n ó kàn lọ jókòó tí n ó máa pariwo "bẹ́ẹ̀ ni" kí Abẹnugan lè lu òòlù? Ẹnì kan tí mo mọ̀ tó rin ọ̀nà yìí láti ìsàlẹ̀ ni Sẹ́nétọ̀ Solomon Adeola, tí gbogbo ayé ń pè ní Yayi. Ẹni tó bá mọ bí tirẹ̀ ṣe lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Ọmọ_Alímọ́ṣọ́:

Àǹtí mi, ẹ kú ilé. Àdúgbò wa ni Yayi ti bẹ̀rẹ̀, mo lè sọ díẹ̀ níbẹ̀. Ìmọ̀ ìṣirò owó ló kà ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Oǹdó ìgbà yẹn, èyí tó wà l'Ádó-Èkìtì. Lẹ́yìn náà ló ṣiṣẹ́ akáǹtáǹtì nílé iṣẹ́ ìwé ìròyìn The Guardian l'Ékòó. Kì í ṣe ọmọ olóṣèlú ńlá tí wọ́n kàn gbé sórí àga.

Ọdún 2003 ló wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkó, ẹkùn ìdìbò Alímọ́ṣọ́ kejì ló ṣojú fún. Ó lo sáà méjì níbẹ̀, títí di 2011. Láti ibẹ̀ ló kọjá sí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin l'Ábùjá, wọ́n sì fi í ṣe alága ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó tó ń rí sí àkáǹtì ìjọba. Ní 2015 ó di sẹ́nétọ̀ fún Ìwọ̀-Oòrùn Èkó, wọ́n tún dìbò yàn án ní 2019. Nínú sáà yẹn ló darí ìgbìmọ̀ ìnáwó nílé aṣòfin àgbà. Ní 2023, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìṣúná gan-an ni wọ́n fà lé e lọ́wọ́.

Ẹ wò ó dáadáa: gbogbo ibi tí wọ́n ń gbé e sí, ibi tí wọ́n ti ń ka owó ni. Tẹ́ ẹ bá ní kí ni iṣẹ́ yín wúlò fún, ìdáhùn kan nìyẹn. Inú mi dùn pé obìnrin ló ń bèèrè.

Gbẹ̀sẹ̀_Kúò:

Ẹ má bínú sí mi o, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra kí ẹ má fi ti ẹnì kan ṣe òdiwọ̀n. Ẹni mélòó ló wọlé ní 2003 pẹ̀lú rẹ̀ tí a ò gbọ́ orúkọ wọn mọ́? Ní ìpínlẹ̀, gómìnà ló ni owó, gómìnà ló ni ẹgbẹ́. Kí ni kíka ìwé fẹ́ ṣe sí ìyẹn?

Akọ̀wé_Fẹ̀yìntì:

Ọmọ mi Mọ́kọlá, mo kí ọ. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Ọdún méjìlélógún ni mo fi jẹ́ òṣìṣẹ́ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin kan ní ìhà ibí yìí, n ò ní dárúkọ rẹ̀. Mẹ́sàn-án nínú rẹ̀ ni mo fi jẹ́ akọ̀wé fún ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó tó ń rí sí àkáǹtì ìjọba. Nítorí náà ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Àwọn èèyàn máa ń rò pé ọjọ́ ìṣúná ni ọjọ́ akáǹtáǹtì. Ọjọ́ yẹn ni àwọn oníròyìn máa ń wá, tí gómìnà máa ń wọ agbádá funfun. Àmọ́ ohun tí ìjọba ń rò láti ṣe ló wà nínú ìṣúná. Ohun tí ìjọba ṣe gan-an, inú ìròyìn olùyẹ̀wé owó àgbà ló wà. Abala 125 nínú ìwé òfin 1999 sọ ọ́ kedere: akáǹtáǹtì àgbà ìpínlẹ̀ yóò kó ìwé owó ọdún náà fún olùyẹ̀wé owó àgbà, òun náà yóò sì mú ìròyìn rẹ̀ wá fún ilé ìgbìmọ̀ láàárín àádọ́rùn-ún ọjọ́. Ilé ò sì lè gbé e sórí pẹpẹ kó máa kó eruku, ó di dandan kó fún ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó yẹn yẹ̀ wò. Abala 128 àti 129 tún fún wọn lágbára láti pe ẹnikẹ́ni wá jẹ́jọ́ níwájú wọn pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́.

Èyí ni òfin. Ohun tí mo bá lọ́fíìsì nígbà tí mo dé ibẹ̀ ni páálí mẹ́rin lábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù tó ń jò. Ìròyìn ọdún mẹ́ta ló wà nínú wọn. Ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí wọn, omi sì ti mu ẹ̀yìn ìwé.

Sáà kan dé tí akáǹtáǹtì kan di alága wa. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í pariwo. Rúlà àti báírò pupa ló máa ń gbé wá. Ó máa ń fi rúlà lé ìlà kọ̀ọ̀kan, á kà á tán kó tó sún un wálẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó pè mí, ó ní, "Bàbá, ẹ wá wo nǹkan." Fáúṣà méjì, ìwé tí wọ́n fi ń gba owó ìjọba, ló tẹ́ kalẹ̀. Kànga dẹ̀rọ ilé ìwé kan ni wọ́n gba owó lé lórí, ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, iye kan náà. Rìsíìtì wà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Epo pupa kán sí igun rìsíìtì ti àkọ́kọ́, ó tẹ́ bí ewé. Lórí ti ìkejì, àmì kan wà ní igun kan náà, ó tẹ́ bí ewé kan náà, ṣùgbọ́n dúdú ni. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ da àkọ́kọ́ kọ, wọ́n wá fi gba owó lẹ́ẹ̀kejì.

Nígbà tí ọ̀gá ilé iṣẹ́ ìjọba náà dé iwájú ìgbìmọ̀, ìbéèrè kan ni alága bi í: "Ẹ jọ̀wọ́ sà, kànga méjì ni wọ́n gbẹ́ síbẹ̀, àbí ọ̀kan?" Ọkùnrin náà wo ìwé, ó wo òkè àjà, ó mú áńkáṣíìfù jáde. Kí oṣù tó parí, owó kànga kejì ti padà sápò ìjọba. Mo rí ìwé báńkì rẹ̀, ọwọ́ mi ni mo fi tọ́jú rẹ̀ sínú fáìlì.

Ìyẹn ni iṣẹ́ tí o lè ṣe, ọmọ mi. Lọ́yà inú ilé náà ò rí àbàwọ́n epo yẹn. Olùkọ́ ò rí i. Èmi tí mo ti wà níbẹ̀ pẹ́ ju gbogbo wọn lọ, mi ò rí i.

Gbẹ̀sẹ̀_Kúò:

Bàbá, ẹ ṣeun púpọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa parí ìtàn náà. Kí ló dé bá alága ọ̀hún?

Akọ̀wé_Fẹ̀yìntì:

O béèrè dáadáa, n ò sì ní purọ́. Nígbà tí ilé padà láti ìsinmi, wọ́n tún ìgbìmọ̀ tò. Wọ́n gbé e lọ sí ti eré ìdárayá. Ó dùn mí títí di òní.

Gbẹ̀sẹ̀_Kúò:

Ohun tí mo ń sọ nìyẹn. Ní 2019, ẹgbẹ́ gómìnà ló gba gbogbo ìjókòó 40 tó wà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkó. Gbogbo rẹ̀ pátá. Ta ló máa bi gómìnà ní ìbéèrè nínú irú ilé bẹ́ẹ̀? Mi ò sọ pé kí àǹtí má lọ. Mo kàn fẹ́ kó mọ ibi tó ń lọ.

Ará_Peckham:

Mo fẹ́ fi nǹkan kan kún ọ̀rọ̀ Gbẹ̀sẹ̀_Kúò, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ìgbìmọ̀ tó ń rí sí àkáǹtì ìjọba yìí, ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì la ti mú un. 1861 ni wọ́n dá tiwọn sílẹ̀ níbí ní London. Àṣà wọn ni pé ọmọ ẹgbẹ́ alátakò ni wọ́n máa ń fi ṣe alága. Ẹni tí kò jẹun lọ́dọ̀ ìjọba ni wọ́n ń fún ní ìwé owó ìjọba kà.

Ẹ wá padà sórí Yayi. Nígbà tó ń darí ìgbìmọ̀ yẹn l'Ábùjá láti 2011, ẹgbẹ́ PDP ló ń ṣèjọba àpapọ̀, ẹgbẹ́ ACN sì ni òun wà. Alátakò ni. Ó lè bèèrè ohun tó bá wù ú láìsí pé olórí ẹgbẹ́ rẹ̀ pè é lálẹ́. Àmọ́ ní ìpínlẹ̀, pàápàá lọ́dọ̀ wa, ẹgbẹ́ kan náà ló sábà máa ń ní gómìnà, tó ní Abẹnugan, tó ní alága ìgbìmọ̀. Akáǹtáǹtì tó bá máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ìwé owó ẹgbẹ́ tirẹ̀ ló máa kà. Ìyẹn le ju ti Ábùjá lọ. Ẹ̀gbọ́n mi Mọ́kọlá, ìbéèrè tí ẹ gbọ́dọ̀ bi ara yín kí ẹ tó bi ẹnikẹ́ni nìyí: ṣé ẹ lè bi ẹni tó ra fọ́ọ̀mù fún yín pé kànga mélòó ló gbẹ́?

Ọmọ_Mọ́kọlá:

Mo ka ìyẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ ṣeun. Ẹ̀yin Bàbá Akọ̀wé, ẹ kú ìrántí, mo rí àbàwọ́n epo yẹn lójú oorun mi.

Ará_Dùgbẹ̀:

Ẹ kú àárọ̀. Èmi ò kàwé púpọ̀, aṣọ ni mò ń tà, ṣùgbọ́n èmi ni akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ò tíì sọ.

Àǹtí, lọ́jọ́ tí ẹ bá wọlé, aago mẹ́fà àárọ̀ ni èèyàn á ti jókòó síwájú ilé yín. Èyí mú káàdì ọsibítù lọ́wọ́. Èyí ní wọ́n lé ọmọ òun nílé ìwé. Ẹlòmíì fẹ́ ṣe ìnáwó òkú, ó sì ti kọ orúkọ yín sínú ìwé ìpè kó tó wá sọ fún yín. Kì í ṣe pé wọ́n burú o. Ìyà ni. Ọnọrébù ni wọ́n mọ̀, wọn ò mọ ìjọba. Ọnọrébù tí a ní tẹ́lẹ̀ ń pín ìrẹsì, kò tíì pín in tán tí gbèsè fi wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ẹni tí gbèsè bá wọ̀ lọ́rùn, ṣé yóò lè bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè?

Ẹ wá gbọ́ ohun tí à ń ṣe. Ní gbogbo ìparí oṣù mo máa ń ka ìwé ẹgbẹ́ sétí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Iye tó wọlé, iye tó jáde, ẹni tó jẹ gbèsè. Mo máa ń dárúkọ. Nígbà àkọ́kọ́ ìjà bẹ́ sílẹ̀, ẹnì kan fẹ́ gba ìwé lọ́wọ́ mi ya. Báyìí, tí mo bá pẹ́ débẹ̀, àwọn fúnra wọn ni wọ́n á pè mí pé ìwé dà. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún wa. Ẹ wá sọ́jà ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ẹ ka ohun tí wọ́n ní àwọn ṣe ní wọ́ọ̀dù wa. Àwa tí à ń gbé ibẹ̀ la mọ èyí tó wà àti èyí tí kò sí. Tí wọ́n bá wá fẹ́ gbé yín lọ sí ìgbìmọ̀ eré ìdárayá, gbogbo ọjà á gbọ́.

Akọ̀wé_Fẹ̀yìntì:

Ìyá mi, ẹ pẹ́ fún wa. Ohun tí alága wa kò ní nìyẹn. Ó ń ka ìwé dáadáa, ṣùgbọ́n inú yàrá ló ń kà á sí. Kò sẹ́ni tó mọ̀ níta.

Akápò_Káńsù:

Ẹ jọ̀wọ́, ìbéèrè kékeré. Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni mí, ẹ̀ka ìṣirò owó. Ṣé èmi náà lè dupò láì fi iṣẹ́ sílẹ̀?

Olùyẹ̀wé_Owó:

Rárá o. Abala 107 nínú ìwé òfin ní ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba gbọ́dọ̀ ti kúrò níbẹ̀ ní ọgbọ̀n ọjọ́, ó kéré tán, kí ìdìbò tó wáyé. Ẹ má dúró de ọgbọ̀n ọjọ́ yẹn o, ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ máa ń ṣáájú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ti Mọ́kọlá ò rí bẹ́ẹ̀, aládàáni ló ń ṣiṣẹ́ fún.

Yewa_Lókè:

Ẹ má gbàgbé pé Yayi ti kúrò l'Ékòó. Ní 2023, Ìwọ̀-Oòrùn Ògùn ló dìbò fún un, ọ̀dọ̀ wa nìyẹn. Àwọn kan bínú, wọ́n ní ọmọ Èkó ni. Àwọn kan ní ọmọ Yewa ni baba rẹ̀, ó padà sílé ni. Èmi ò bá wọn jà sí i. Ọ̀rọ̀ tèmi dá lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹta 2024, torí ó kan ẹni tó fẹ́ fi ìmọ̀ owó ṣe òṣèlú.

Sẹ́nétọ̀ Abdul Ningi láti Bauchi bá BBC Hausa sọ̀rọ̀, ó ní tìríliọ̀nù 3.7 náírà wà nínú ìṣúná ọdún náà tí wọn ò so mọ́ iṣẹ́ kankan. Ìlú gbóná. Yayi ni alága ìgbìmọ̀ ìṣúná, òun ló dìde ṣàlàyé nínú ilé. Ó ní Ningi ṣi ìṣirò náà lóye, pé owó àwọn iléeṣẹ́ tí òfin ní kí wọ́n fún lódidi láì to ẹ̀ka rẹ̀ sínú ìwé wà nínú rẹ̀. Ilé wá dá Ningi dúró fún oṣù mẹ́ta, wọ́n sì dá a padà kó tó pé.

Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ wa nílé ò lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra wa. Ẹni méjì ń sọ̀rọ̀ owó, àwa ń wo ẹnu wọn. Tí wọ́n bá fún iléeṣẹ́ kan ní owó lódidi, kí ló dé tí a ò gbọ́dọ̀ mọ ohun tó wà nínú odidi náà? Mo fẹ́ akáǹtáǹtì tí yóò tú u palẹ̀ fún wa ní èdè wa. Ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Olùyẹ̀wé_Owó:

Ẹ jẹ́ kí n bá Mọ́kọlá sọ̀rọ̀ bí ẹni tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ kan. Kí ẹ tó fún àwọn àgbà yẹn lésì, ẹ ṣe ìṣirò ti ara yín. Nígbà ìdìbò 2023, mílíọ̀nù 2 náírà ni APC ń ta fọ́ọ̀mù ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀. Wọ́n yọ owó ìdíje kúrò fún obìnrin, owó ìfìfẹ́hàn nìkan ni wọ́n gbà. Òfin ìdìbò 2022 tí wọ́n lò nígbà náà ní olùdíje fún ilé yìí ò gbọ́dọ̀ ná ju mílíọ̀nù 30 náírà lọ. Ẹ ṣí lẹ́jà fún un láti ọjọ́ kìíní. Gbogbo náírà tó bá wọlé, ẹ kọ orúkọ ẹni tó fún yín. Tí orúkọ kan bá gba ìdajì ojú ewé, ẹ ti mọ ẹni tí ẹ ò ní lè bi ní ìbéèrè nìyẹn.

Ẹ̀rù ICAN tún wà. Ẹgbẹ́ wa ní ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíì lè sọ pé òun ò mọ̀, ẹ̀yin ò lè sọ ọ́, ìwé ẹ̀rí yín á tako yín. Èmi ò rí i bí ìdí láti sá. Olóyè Akíntọ́lá Williams gba ìwé ẹ̀rí akáǹtáǹtì ní 1949, ó dá ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ l'Ékòó ní 1952, nígbà tí àwọn òyìnbó ṣì gbà pé aláwọ̀ dúdú ò lè yẹ ìwé wọn wò. Òun ni ààrẹ àkọ́kọ́ ICAN. Ẹni 104 ọdún ni nígbà tó dágbére fáyé ní 2023. Orúkọ tó fi sílẹ̀ fún wa, ó yẹ kó wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin náà.

Ẹ wá ìròyìn olùyẹ̀wé owó àgbà ti ọdún mẹ́ta tó kọjá. Ẹ má ka gbogbo rẹ̀. Ẹ mú iléeṣẹ́ ìjọba kan ṣoṣo, ẹ tọ̀ ọ́ láti ọdún dé ọdún. Ẹ wo ìbéèrè tí olùyẹ̀wé bi wọ́n tí wọn ò dáhùn, ẹ wò ó bóyá ìbéèrè kan náà ló tún padà wá lọ́dún kejì.

Gbẹ̀sẹ̀_Kúò:

Mi ò tíì gbà pé wọ́n á jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Àmọ́ ohun tí ìyá ará Dùgbẹ̀ sọ yẹn wọ̀ mí lára. Bàbá Akọ̀wé, ṣé owó ilé ìgbìmọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ gómìnà bí ti tẹ́lẹ̀?

Akọ̀wé_Fẹ̀yìntì:

Nínú òfin, rárá. Àtúnṣe ìwé òfin ti 2023 ní kí owó ilé ìgbìmọ̀ àti ti ilé ẹjọ́ ní ìpínlẹ̀ máa lọ bá wọn tààrà. Àwa òṣìṣẹ́ ilé ìgbìmọ̀ àti ti ilé ẹjọ́ yanṣẹ́ lódì lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 2021, a jókòó sílé fún nǹkan bí oṣù méjì. Mo wà níbẹ̀, ebi pa wá. Nínú ìṣe ńkọ́? Ó kù sọ́wọ́ Abẹnugan tó bá wà lórí àga, àti àwọn tó jókòó níwájú rẹ̀.

Ọmọ_Mọ́kọlá:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará mi. Mo ka ọ̀rọ̀ yín sétí ọkọ mi lálẹ́ àná, títí dórí ti Dùgbẹ̀. Kò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó yá ó ní, "Ìwé yẹn, ìwọ lọ wá a ná."

Mo ti gba àyè lẹ́nu iṣẹ́ fún ọjọ́ Tuesday. N ó lọ sí Sẹkitéríàtì ní Agodi, n ó béèrè ìròyìn olùyẹ̀wé owó àgbà ti ọdún mẹ́ta. Ètò ẹ̀kọ́ ni iléeṣẹ́ tí mo mú, torí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ méjì wà ní wọ́ọ̀dù wa tí mo lè fi ẹsẹ̀ rìn débẹ̀ lọ wo ohun tí wọ́n bá kọ sílẹ̀. Mo ti sọ fún àwọn àgbà pé kí wọ́n fún mi ní oṣù kan. Ọ̀kan nínú wọn bínú díẹ̀, ó ní àwọn ẹlòmíì ń bẹ̀bẹ̀ fún un. Mo ní kí wọ́n má bínú.

Ìyá mi ará Dùgbẹ̀, ìparí oṣù yìí ńkọ́, ọjọ́ wo ni ẹ ń ka ìwé ẹgbẹ́? Mo fẹ́ wá jókòó lẹ́yìn.

Ará_Dùgbẹ̀:

Ọjọ́ Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹ má jókòó lẹ́yìn o. N ó fún yín ní àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kí ẹ lè rí ìwé náà.